Owó Wúrà Ìrántí Òmìnira: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùrà Mọ̀

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí owó wúrà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira rọ fún ìrántí, àti bí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kò ṣe ní í bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́tàn.

Gáná gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, 1957. Ní 1958 ó yọ owó tirẹ̀ jáde, orí Kwame Nkrumah sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó bọ́ lábẹ́ ọbabìnrin, tí ó sì ní ààrẹ, ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, 1960, a fi wúrà rọ owó ìrántí ọjọ́ náà. Sàró, tí ó gba òmìnira ní 1961, yọ owó wúrà tirẹ̀ ní 1966 fún ọdún márùn-ún òmìnira. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìyálọ́jà fi ń ṣe ṣéńjì. Àwọn tí ń kó owó jọ ni a ṣe é fún.

Iye mẹ́ta ni owó wúrà ní. Èkíní ni èyí tí a kọ sí i lára. Èkejì ni iye wúrà inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni iye tí olùkójọ fẹ́ san nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀kẹta ni olùtajà máa ń fi pariwo, ṣùgbọ́n èkejì ni òṣùwọ̀n lè jẹ́rìí sí. Àgbẹ̀ kòkó kì í ta kòkó láìgbé e sórí òṣùwọ̀n; bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí olùra wúrà ṣe. Wúrà tí kò ní àdàlù jẹ́ kárátì 24. Bí owó kan bá wọn gíráàmù 16, tí ó sì jẹ́ kárátì 22, wúrà inú rẹ̀ kò tó gíráàmù 15. Òòfà kì í fa wúrà, ṣùgbọ́n kì í fa idẹ náà. Nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òòfà nìkan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà tí ẹ mọ̀, kí owó tó kúrò lápò yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé iye wúrà a máa gòkè, a sì máa wálẹ̀. Ní oṣù Kìíní, 1980, áúnsì kan dé dọ́là 850. Ní 1982 ó ti wálẹ̀ sábẹ́ dọ́là 300. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó oko ra wúrà.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká wúrà kò ṣàìní ohun tí yóò kó jọ. Sísì Nàìjíríà ti 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira, ní àwòrán kòkó lára; tọ́rọ́ rẹ̀ ní òwú. Náírà gba ipò wọn ní 1973. Bí irú wọn bá wà nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ má fi eérú fọ̀ ọ́, ẹ má sì lu ihò sí i. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e, kí ẹ sì sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.