Kí La Máa Jẹ Ká Tó Sáré Ọlọ́nà Jíjìn?
Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá wa sọ níbi ìpàdé

 

Àwọn kan lára wa ń múra sílẹ̀ fún Lagos City Marathon, eré tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016. Ẹlòmíì fẹ́ sá kìlómítà 10, ẹlòmíì ní òun á sá 42 tán. Bàtà ti wà, aṣọ ti wà. Oúnjẹ ńkọ́? Ohun tí mò ń gbọ́ ni pé, "Tí mo bá ti po glúkóòsì mu láàárọ̀, ó parí." Kò parí o.

Iṣan ara wa máa ń kó ṣúgà pamọ́ látinú oúnjẹ. Téèyàn bá ń sáré kíkankíkan, ìpamọ́ yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹni tó ń sá kìlómítà 42 ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ fi ń wúwo ní nǹkan bíi kìlómítà 30.

Lọ́dún 1981, David Jenkins àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, gbé ìwọ̀n kan jáde tí wọ́n ń pè ní glycemic index. Ó ń fi hàn wá bí oúnjẹ ṣe ń yára di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ sí. Glúkóòsì jẹ́ 100. Búrẹ́dì funfun ga. Ẹ̀wà rẹlẹ̀, sìpàgẹ́tì náà rẹlẹ̀, àgbagbà dúdú sì rẹlẹ̀ ju èyí tó pọ́n lọ. Glúkóòsì dà bíi koríko gbígbẹ nínú iná: ó máa ń jó fòfò, kó tó pẹ́, ó ti kú. Ẹ̀wà dà bí ìtì igi: díẹ̀díẹ̀ ló ń jó.

Ẹ jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀, kí inú má baà máa kùn lójú ọ̀nà. Láàárọ̀, ní bíi wákàtí mẹ́ta ká tó sáré, ẹ jẹ àgbagbà dúdú bíbọ̀ tàbí sìpàgẹ́tì díẹ̀, kí epo àti ata má pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dán oúnjẹ tuntun wò lọ́jọ́ eré. Ọjọ́ ìdánrawò la ti ń dán an wò.

Mi ò ní ká sọ ṣúgà nù o. Ojú ọ̀nà ni àyè ẹ̀ wà. Tí eré bá ti ju wákàtí kan lọ, gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan ni wọ́n sábà ń gba asáré nímọ̀ràn. Gíráàmù 30 tó bíi ṣíbí tíì méje sí mẹ́jọ, ká pò ó mọ́ omi. Téèyàn bá ń mu ún báyìí, ìyàtọ̀ tí oúnjẹ àárọ̀ ń mú wá máa ń dín kù. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ rèé: owó mineral tẹ́ ẹ máa ń ṣètò fún wa ká tó sáré, ẹ jẹ́ ká fi ra ẹ̀wà àti àgbagbà fún ìdánrawò ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ fẹ́ kí orúkọ ìlú wa dé òpin eré. Àwa náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá lọ padà wálé ní àlàáfíà.