Agbára Gómìnà Nígbà Pàjáwìrì: Ibi Tí Ó Dé Dúró
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùdìbò sọ ní Àgọ́-Ìwòyè



Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n dáhùn kò gùn. Bí ìlú bá dàrú, tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, ǹjẹ́ gómìnà lè ká òfin nílẹ̀ bí ẹní, títí nǹkan yóò fi rọlẹ̀? Rárá ni ìdáhùn mi. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló ń ṣe òfin, gómìnà a sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí kò lè dá ṣe, báwo ni yóò ti dá tú u?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2020. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde nítorí àrùn Kòrónà pé kí àwọn ará Èkó, Abuja àti ìpínlẹ̀ Ògùn jókòó sílé fún ọjọ́ 14. Ẹ rántí bí ìlú wa yìí ti dákẹ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ti lọ, ọlọ́kadà kò rí èrò gbé, ọjà pa lọ́lọ́. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn agbẹjọ́rò àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ìpínlẹ̀ wa, ti ń béèrè pé: òfin wo ni àṣẹ yìí dúró lé? Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí àrùn tàn kálẹ̀. Ní ọjọ́ 30 ni Ààrẹ fọwọ́ sí ìlànà tí a kọ sílẹ̀, èyí tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lórí òfin ìdènà àrùn tó ti wà láti ọdún 1926. Gómìnà wa, Dàpọ̀ Abíọ́dún, kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sún ọjọ́ náà síwájú. Ó bẹ Ààrẹ, Ààrẹ sì gbà kí ti Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, nítorí oúnjẹ ará ìlú.

Òfin ọdún 1926 yẹn fún gómìnà náà láyè láti ṣe ìlànà, níbi tí Ààrẹ kò bá tíì ṣe é. Ìtanràn 200 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ni ó là sílẹ̀ fún arúfin. Mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín: kí ni 200 náírà lè rà lónìí? Ṣùgbọ́n bí owó náà bá kéré, aṣòfin ló yẹ kó fi kún un. Gómìnà kò lè fi kún un lórí rédíò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń lé ènìyàn kiri lójú títì kò lè fi pàṣán rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n gba igbá ata lórí ìyá ọlọ́jà. Abala 36 Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi bí òfin tí a kọ sílẹ̀ bá ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà àti ìjìyà rẹ̀. Lóòótọ́, abala 45 gbà pé kí òfin dí ìrìn wa tàbí ìpéjọ wa kù nítorí ìlera gbogbo ènìyàn. Òfin ni ó wí, kò wí pé ẹnu gómìnà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún yẹn kan náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, Gómìnà Nyesom Wike dúró, katakata sì wó ilé ìtura méjì ní Eleme. Ó ní wọ́n ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn tí òun ti pàṣẹ pé kí wọ́n tì í. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rú àṣẹ náà. Adájọ́ wo ló gbọ́ ẹjọ́ wọn kí katakata tó dé?

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé a ti rí èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó fọwọ́ sí pàjáwìrì lórí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Àgọ́-Ìwòyè wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ìjọba ẹkùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso. Alákòóso fi ìwé dí ìrìn àwọn olóṣèlú. Olóyè Rótìmí Williams, tó ti ṣe mínísítà ètò ìdájọ́ ní ẹkùn náà rí, kò gbà. Ó pẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá a láre, pé a kò fi hàn pé ó pọndandan láti dí ìrìn rẹ̀. Nínú pàjáwìrì gan-an ni o, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀!

Gómìnà òde òní kò tilẹ̀ lè kéde irú pàjáwìrì bẹ́ẹ̀. Abala 305 fi ìyẹn sọ́wọ́ Ààrẹ, ilé aṣòfin méjèèjì ní Abuja sì gbọ́dọ̀ fi ìdá méjì nínú mẹ́ta gbà á láàárín ọjọ́ méjì bí wọ́n bá wà níjókòó, tàbí ọjọ́ mẹ́wàá bí wọn kò bá sí. Bí gómìnà bá fẹ́ bẹ Ààrẹ pé kó kéde rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Aṣòfin 26 ló wà ní Abẹ́òkúta, nítorí náà 18 ni ó gbọ́dọ̀ rí.

Ta ló ń yan àwọn 26 náà? Ọjọ́ kan ni à ń dìbò gómìnà àti ti aṣòfin ìpínlẹ̀, ìwé ìdìbò méjì ni. Ọ̀pọ̀ wa a máa fara balẹ̀ lórí ti gómìnà, a ó sì tẹ̀ka sí ìkejì bí ẹni ń lé eṣinṣin. Kí ọjọ́ náà tó pé, olùdíje sípò aṣòfin yóò wá kí yín nílé. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì bi í pé: bí gómìnà bá pa àṣẹ tí kò ní òfin nídìí, ṣé ẹ ó dìde sọ̀rọ̀ nínú ilé, àbí ẹ ó pàtẹ́wọ́? Kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ bó ti ń dáhùn.

Mo ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín.