Abẹ àti Ìmọ́lẹ̀ Lésà Nínú Ìtọ́jú Ojú



Lẹ́yìn ọmọlójú, awò kan wà tí Ọlọ́run dá, tí ó mọ́ gaara bí omi ìsun. Bí ènìyàn bá ń dàgbà, a máa ṣú, a sì máa funfun bí omi ẹ̀kọ. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní kataráàtì. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ni ó ń fọ́ àwọn àgbà lójú jù lọ. Kò sí àgbo tàbí oògùn àkánsójú tí í wò ó. Yíyọ ni a ń yọ ọ́.

Arákùnrin kan bi mí pé ṣé kí òun ta ilẹ̀ kí wọ́n lè fi lésà ṣe ojú ìyá òun. Mo ní kí ó farabalẹ̀.

Oníṣègùn lè fi abẹ la ẹ̀gbẹ́ ojú ní ìwọ̀n mìlímítà 6 tàbí 7, kí ó yọ awò tí ó ṣú, kí ó sì fi awò àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, irú èyí tí Harold Ridley kọ́kọ́ fi sí ojú ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1949. Ní 1967, Charles Kelman ará Amẹ́ríkà mú ẹ̀rọ kan wá tí ń fọ́ awò náà wẹ́wẹ́, tí ó sì ń fà á jáde láti ojú ihò tóóró. Ní 2008 ni Zoltán Nagy kọ́kọ́ lo lésà fún iṣẹ́ yìí ní Budapest.

Lésà kò dá yọ ohunkóhun o. Ìmọ́lẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí ni, tí ń la ojú, tí ó sì ń gé awò náà. Ọwọ́ oníṣègùn ni yóò ṣì kó o jáde. Gígé rẹ̀ gún régé, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwòsàn 5 ní ilẹ̀ Faransé fi í wé ẹ̀rọ Kelman, èsì tí ó jáde ní 2020 ni pé àǹfààní rẹ̀ kò ju ti èkejì lọ, owó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ní Nepal, ìwádìí ti 2007 fi hàn pé abẹ lásán náà ń ṣe dáradára bí ẹ̀rọ, ó yá jù ú, owó rẹ̀ sì kéré.

Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ẹni tí ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ọjà, tí ń ti awò náà sẹ́yìn sínú ẹyinjú. Ojú lè là fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà a sì wá fọ́ pátápátá.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú, ẹ béèrè iye tí iṣẹ́ abẹ náà jẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá owó awò wà nínú rẹ̀.