Ǹjẹ́ Ogun Òmìnira Amẹ́ríkà Ṣeé Yẹ̀ Sílẹ̀ Bí?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé kò sí ohun tí ì bá dá ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì dúró. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1765 ni ìjọba Lọ́ńdọ̀nù bu owó òǹtẹ̀ lé ìwé àdéhùn àti ìwé ìròyìn wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní aṣojú kan nílé aṣòfin ọ̀hún. Wọ́n kọ̀. Ní 1766 ìjọba fa òfin náà padà, ara sì rọ̀ wọ́n. Kí ni ó tún dé tí ó fi bu owó lé gíláàsì, bébà àti tíì ní 1767? Ní 1770 ó yọ ìyókù, ó sì fi ti tíì sílẹ̀, kí wọn má baà rò pé agbára ti bọ́ lọ́wọ́ òun!

Kì í ṣe pé kò sí olùdámọ̀ràn. Ní oṣù Kẹta 1775 Edmund Burke bẹ ilé aṣòfin kí wọ́n wá àlàáfíà. Wọ́n dìbò takò ó. Ní oṣù Kẹrin ogun bẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù Keje, àwọn aṣojú Amẹ́ríkà kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọba George Kẹta, wọ́n pe ara wọn ní ọmọ abẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan nínú wọn ti ń fẹ́ ìyapa, ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i. Ọba kọ̀, kò gbà á. Ó ti kéde wọn ní ọlọ̀tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dájọ́ láàfin, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí à ń pè ní lílé ẹlẹ́bẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 1778 Lọ́ńdọ̀nù rán ikọ̀ lọ láti yọ̀ǹda ọ̀ràn owó-orí náà fún wọn. Faransé ti bá wọn mulẹ̀ ná. Ogun kò parí títí di 1783.