Àlejò Ni Gbogbo Wa Nínú Igbó Ọ̀ṣun

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí àlejò hùwà nígbà tí ó bá wá sí Igbó Ọ̀ṣun fún ọdún inú oṣù Ògún. Bóyá ẹ ń retí pé àwọn tó ń bọ̀ láti Bùràsílì àti Amẹ́ríkà ni n óò bá wí. Ara wa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí.

Àlejò ni ìtàn ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn dé etí odò, igi tí wọ́n gé wó lu omi, ohùn sì jáde láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró onílé. Wọn kò jiyàn. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sún kúrò ní etí omi, wọ́n sì bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú. Bí ẹni tó tẹ ìlú dó bá lè sún sẹ́yìn fún odò, ta ni èmi àti ẹ̀yin?

Igbó tó kù fún wa kò tóbi: hẹ́kítà 75 péré ni. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn kan ti ń gé igi rẹ̀, wọ́n ń pa ẹran inú rẹ̀. Àwọn olórìṣà, pẹ̀lú Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Adébísí Àkànjí, ni wọ́n dìde gbà á sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣa nylon nílẹ̀.

Mo jẹ̀bi. Ní ọdún kan, mo gbé oyin wá fún Yèyé nínú ìgò ike. Mo da oyin náà sómi, mo sì ju ìgò náà tẹ̀ lé e. Ìyá òrìṣà àgbàlagbà kan pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé Ọ̀ṣun ni yóò jẹ ike ni?” Ó ní kí n wọnú omi lọ mú un. Nígbà tí mo fi wá a rí, ọ̀rá omi tútù àti ìgò ọtí àwọn ẹlòmíràn ti kún apẹ̀rẹ̀ kan. Gbogbo wa la sì gbàdúrà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kejì dùn mí ju ìyẹn lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ní ilẹ̀ wa ni àwọn kan ti ń wa wúrà létí àwọn odò tó ń ṣàn wá bá Ọ̀ṣun. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló sọ omi di pupa, mẹ́kúrì tí wọ́n sì fi ń kó wúrà jọ a máa wọnú omi, a sì máa wọnú ẹja. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí a má mu omi náà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Àbúrò ìyá mi a máa bu omi náà sí kẹ́ẹ̀gì lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fún wọn mu. Ó ní, “Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ mi ní Ọ̀ṣun?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá. Ọ̀ṣun kò lóró. Àwa ènìyàn ló da oró sí i.” Kò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n iwájú ojúbọ ni omi náà wà títí dòní. Ẹnikẹ́ni kò mu ún.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi igbá tàbí ewé gbé ẹbọ wá, kí a sì gbé ike wa padà sílé. Ẹ má ya igi, ẹ má dọdẹ, ẹ má pẹja, ẹ má fún ọ̀bọ ní bisikí. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrán. Bí Arugbá bá ń kọjá, ẹ yà fún un lọ́nà. Kí ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì bá mi délé, kí a lọ bá àwọn ọba àti baálẹ̀ wa sọ ọ̀rọ̀ wúrà yìí. Bí ọwọ́ wa bá mọ́ ní Òṣogbo, ẹnu wa yóò gba ọ̀rọ̀ ní Iléṣà.

Oore Yèyé Ọ̀ṣun o! Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.