Fóònù Ọwọ́ Wa àti Ọmọ Títọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú, Ilé-Ifẹ̀)



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti afárá tàbí ti omi ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Àwa olùkọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ rí àpá pàṣán lẹ́yìn ọmọ nígbà tí ó bá bọ́ aṣọ fún eré ìdárayá. A kò sì lè dá òbí nìkan lẹ́bi, nítorí àwa náà ti lo pàṣán rékọjá ààlà rí. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé bí 6 nínú ọmọ 10 ní Nàìjíríà ni ó ń rí ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọn tó pé ọdún 18. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá lóru.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìyá tí ó lọ sọ́jà ní ìdájí, tí ó padà dé nígbà tí ọmọ ti sùn, àyè wo ni ó ní fún ọwọ́ ọ̀tún? Ìbínú nìkan ni kì í wá àyè tì.

Ibí yìí ni fóònù ti lè wúlò. Àwọn onímọ̀ láti Oxford àti Cape Town, pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF, dá ètò ìtọ́ni òbí kan sílẹ̀. Ìpàdé ojúkojú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé ní 2020, wọ́n kọ ìmọ̀ràn náà ní èdè tí ó lé ní 100. Lẹ́yìn náà ni ParentText dé, tí ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí òbí lórí WhatsApp, àti ParentApp tí wọ́n dán wò ní Mwanza ní Tanzania, tí a lè lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ inú wọn kò ṣòro: kí á jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, kí á yìn ín bí ó bá ṣe dáadáa, bí inú bá ń bí wa, kí á mí kanlẹ̀ ná. Dípò "Má pariwo", kí á wí pé "Rọra sọ̀rọ̀". A dán èyí wò ní kíláàsì, ó sì ṣiṣẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé fóònù gan-an ni ó ń ba ọmọ jẹ́. A kò jiyàn. Ẹni tí ó kàn wá jù ni ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ-ọmọ, tí fóònù rẹ̀ jẹ́ onítọ́ọ̀ṣì, tí kò sì mọ̀wé. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí á gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí sílẹ̀ ní ohùn, ní ẹnu Ifẹ̀ gan-an, kí á fi ránṣẹ́ sí agboolé kọ̀ọ̀kan, kí á sì bẹ rédíò Òrìṣun kí wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́ lálẹ́. Kí ìyá tí ọjà mọ ohùn rẹ̀ ni ó sọ ọ́, kì í ṣe àwa olùkọ́. Bí a bá sọ̀rọ̀, wọn yóò rò pé a tún ti bẹ̀rẹ̀ ìbáwí wa.

Fóònù kò lè rí ọmọ tí wọ́n fi ebi pa tàbí tí wọ́n fi iná jó. Kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tí yóò lè kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀. Iye owó tí iṣẹ́ náà yóò gbà wà nínú ìwé tí a fi lé akọ̀wé lọ́wọ́.