RAID 0 Gbé Fídíò Ìsìnkú Lọ Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Láti Akotogbo, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Mo fi kámẹ́rà mẹ́ta ya ìsìnkú màmá àgbà kan. Àwọn ọmọ wọn ti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù wá. Mo kó gbogbo fídíò sínú àpótí tó gba háàdì dísìkì mẹ́rin, mo sì yan RAID 0, torí eré ni mo ń wá. Ó sáré lóòótọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, dísìkì kan kú, gbogbo fídíò sì bá a lọ. Èyí tí àwọn ìbátan fi fóònù yà nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo dá owó wọn padà, ṣùgbọ́n ta ló lè tún ìyá ẹni sin?

Kí ló fà á? Lọ́dún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní yunifásítì Berkeley, Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé dísìkì kéékèèké olówó pọ́ọ́kú tí a so pọ̀ lè ṣe iṣẹ́ dísìkì ńlá olówó gọbọi. Òun là ń pè ní RAID. RAID 0 dà bí ìgbà tí ẹ ya lẹ́tà kan sí mẹ́rin, tí ẹ fún èèyàn mẹ́rin gbé. Wọ́n á tètè dé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọnù lọ́nà, ta ló máa ka lẹ́tà náà?

Ká ní ẹ ní dísìkì mẹ́rin, 4TB ọ̀kọ̀ọ̀kan. RAID 0 á fún yín ní 16TB, láìsí ààbò kankan. RAID 5 á fún yín ní 12TB, dísìkì kan lè kú kí iṣẹ́ ṣì wà. RAID 10 á fún yín ní 8TB, nítorí gbogbo nǹkan ló ń kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣé a tiẹ̀ nílò eré tó bẹ́ẹ̀? Fídíò 4K ProRes 422 HQ, férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń jẹ nǹkan bí 92MB ní ìṣẹ́jú àáyá. Kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti di 276MB. Háàdì dísìkì kan ṣoṣo á máa ta kọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe proxy, ìyẹn ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́, dísìkì kan lè tó yín.

Ní ti sẹ́tìn: fáìlì fídíò tóbi, nítorí náà ẹ yan stripe size 256KB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó kó nǹkan sí i ni kí ẹ ti yàn án o, torí yíyí i padà lẹ́yìn náà lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, write-back máa ń jẹ́ kó yára, ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére, ẹ má tàn án láìsí UPS. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ gbé cache sọ́fítíwíà yín sórí SSD ọ̀tọ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ohun tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́, ó ti rẹ́ lórí gbogbo dísìkì nìyẹn. Lọ́dún 1998, ní Pixar, àṣẹ kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà pa èyí tó pọ̀ jù nínú Toy Story 2 rẹ́, ẹ̀dà ìpamọ́ wọn ò sì ṣiṣẹ́. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ló ní ẹ̀dà tó yọ wọ́n.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ní báyìí, RAID 5 ni mo ń lò. Ẹ̀dà kan wà ní dúrọ́ọ̀ mi, ọ̀kan wà nílé àǹtí mi ní Òkìtìpupa. Mi ò sì ń nu mẹ́mọ́rì káàdì títí àwọn méjèèjì á fi pé.

Ẹ lọ wo tiyín lónìí, kí iná tó lọ. Ó dàbọ̀.